Ìwé Ṣáájú, Aṣọ Kẹ́yìn: Bí A Ṣe Ń Palẹ̀ Mọ́ fún Ìgbafẹ́ Lórí Òkun

Ọ̀rọ̀ ìrìnàjò la gbé wá lónìí. Kì í ṣe ti Ìlọrin sí Òṣogbo, kì í sì í ṣe ti bàálù. Ọkọ̀ ojú omi ńlá là ń sọ, irú èyí tó ń gbé èèyàn yí àwọn erékùṣù ilẹ̀ olóoru ká fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tí iṣẹ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ju kó jẹun, kó sùn, kó lúwẹ̀ẹ́, kó sì máa wo òkun.

Ẹ̀yin àgbà á rántí pé nígbà kan, ìwé kíkà ló sábà máa ń gbé èèyàn wọ ọkọ̀ òkun ní Apápá. Láti ọdún 1951 títí di ọdún 1974 ni ọkọ̀ Aureol, ti ilé iṣẹ́ Elder Dempster, fi ń ná Ìlú Ọba sí Èkó. Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò, dókítà àti nọ́ọ̀sì wa ló bá a lọ, tí wọ́n tún bá a bọ̀. Ti òde òní yàtọ̀. Ọmọ tó wà ní Houston á pe ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn: "Mọ́mì, tí ẹ bá ti dé, tí ara ọmọ tuntun bá ti le díẹ̀, gbogbo wa ń lọ ṣe fàájì lórí òkun." Ọkọ̀ wà ní Galveston, tí kò jìnnà sí Houston, èyí tó sábà máa ń kan Cozumel ní Mexico àti Roatán ní Honduras. Ọkọ̀ wà ní Miami àti Fort Lauderdale ní ìpínlẹ̀ Florida, tó ń kan Nassau ní Bahamas, St. Thomas àti St. Maarten. Àwọn tiwa tó wà ní Ìlú Ọba náà ń wọ bàálù dé Bridgetown ní Barbados nígbà òtútù, kí wọ́n tó wọkọ̀ níbẹ̀.

Ní ilé wa, tí ìròyìn irú èyí bá ti wọlé, ọ̀dọ̀ aránṣọ la máa ń kọ́kọ́ sáré lọ. A ó ra léèsì, a ó da ànkárá ẹbí, àpótí á sì ti kún kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè pé pásípọ́ọ̀tù dà. Ohun tí mo bá yín wá rèé: tí ọ̀nà bá jẹ́ ti òkun, ẹ yí ètò yẹn po. Ohun tí ẹ kò lè rí rà lórí omi ni kó kọ́kọ́ wọ báàgì. Èyí tí ẹ lè rí rà, tàbí tí ẹ lè ṣe aláìní, kó wọlé kẹ́yìn. Ìwé, lẹ́yìn náà oògùn, lẹ́yìn náà owó, aṣọ ló gbẹ̀yìn.

Ẹ wo ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Miami ní oṣù kìíní ọdún 2024. Àjà 20 ló ní. Ó lè gbé èrò tó 7,600, àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ nìkan sì ju 2,300 lọ. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, ilé eré wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù góòlù àti lọ́fínńdà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fún yín ní físà nínú gbogbo àjà 20 yẹn, kò sì dájú pé ẹ ó bá irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún yín gan-an níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé. Ẹ ṣí pásípọ́ọ̀tù yín, ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí. Ọjọ́ tí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ máa wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè àti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń fẹ́ kó ṣì ku oṣù 6 lórí rẹ̀ lẹ́yìn ìrìnàjò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù wé ti orí tíkẹ́ẹ̀tì. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ tiwa ti máa ń lọ́jú. Pásípọ́ọ̀tù pè yín ní Abọ́sẹ̀dé, ọmọ yín fi Bọ́sẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Orúkọ bàbá yín ló wà lórí ọ̀kan, orúkọ ọkọ yín ló wà lórí èkejì. Ọmọ yín mọ̀ pé ẹnìkan náà ni. Ẹni tó jókòó sí èbúté kò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe nígbà tí àyè ṣì wà.

Físà ló tẹ̀lé e, òun ló sì le jù. Ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà tó wọ ọkọ̀ tó gbéra ní èbúté Amẹ́ríkà, tó sì padà sí èbúté yẹn kan náà, lè fi ìwé ìbí àti káàdì ìdánimọ̀ ìjọba rìn. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ìrọ̀rùn tiwọn díwọ̀n ti Mọ́mì o. Ní oṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà kéde pé ọ̀pọ̀ físà àbẹ̀wò tí òun bá ń fún ọmọ Nàìjíríà láti ìgbà náà lọ yóò jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ wá rò ó wò. Mọ́mì ti fi físà yẹn wọ Houston. Ọkọ̀ gbéra ní Miami, ó gúnlẹ̀ ní Nassau. Mọ́mì ti jáde kúrò ní Amẹ́ríkà nìyẹn, ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan tó ní sì ti tán lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Kí ló fẹ́ fi wọlé padà? Nítorí náà, ẹ ka ohun tó wà lórí físà, ẹ wo iye ìwọlé tí wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Òfin wọn tún ń yí padà lemọ́lemọ́, ìdí rèé tí ẹ fi gbọ́dọ̀ bèèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ àti lọ́wọ́ àwọn tó ń fúnni ní físà, kì í ṣe lọ́wọ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì tó lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Erékùṣù kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ máa kàn ló sì ní òfin tirẹ̀. Ẹ bèèrè wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an, mo gbà yín nímọ̀ràn kí ẹ mú pásípọ́ọ̀tù. Tí àìsàn bá gbé yín sọ̀ kalẹ̀ ní erékùṣù kan, tàbí tí ọkọ̀ bá fi yín sílẹ̀, bàálù lẹ máa bá délé, ìwé ìbí kò sì ní gbé yín wọ bàálù ilẹ̀ òkèèrè. Tí ìyá àgbà bá sì ń mú ọmọ ọmọ lọ láìsí àwọn òbí, tàbí tí òbí kan ṣoṣo ń mú ọmọ lọ, ẹ gba lẹ́tà àṣẹ lọ́wọ́ òbí tí kò lọ, kí agbẹjọ́rò tàbí nótárì sì fọwọ́ sí i.

Ìwé kan tún wà tí àwọn ará ibòmíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí, ṣùgbọ́n tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n: yẹ́lò káàdì. Ọ̀pọ̀ erékùṣù Caribbean ló ń bèèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí àrùn náà wà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 lára yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti oṣù keje ọdún 2016, òfin ìlera àgbáyé ti sọ ọ́ di èyí tí a ń gbà lẹ́ẹ̀kan títí ayé. Ẹ má wulẹ̀ gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kàn wá káàdì àtijọ́ jáde. Ẹ ya àwòrán gbogbo ìwé wọ̀nyí sínú fóònù, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wà nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ lórí ìgbà tí ẹ máa lọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà títí di ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá ni àkókò ìjì líle ní apá òkun Caribbean, oṣù kẹsàn-án ló sì máa ń le jù. Ìgbà náà ni tíkẹ́ẹ̀tì máa ń dínwó, ẹ sì ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjì ńlá wọ̀nyẹn, òkè ilẹ̀ Áfíríkà tiwa níbí ni wọ́n ti ń ṣẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gbá láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn lókè ilẹ̀ wa á gbé òjò àti ààrá jáde sórí òkun lẹ́bàá Sẹ̀nẹ̀gà àti Cape Verde. Omi òkun tó lọ́wọ́ọ́wọ́ á wá máa fún un lágbára bó ṣe ń lọ, títí á fi di ìjì lápá ibẹ̀ yẹn. Àwọn àgbà sọ pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ọ̀gá awakọ̀ kò ní wà á ruru. Á yí orí ọkọ̀ gba ibòmíràn. Ṣùgbọ́n erékùṣù tí ẹ tìtorí rẹ̀ sanwó lè bọ́ sílẹ̀ nínú ètò, kò sì sí ẹjọ́ níbẹ̀. Tí Bahamas nìkan lẹ fẹ́ rí láyé yìí, ẹ lọ láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹrin, kí ẹ sì gbà láti san owó tó pọ̀ sí i.

Ó wá kan ara. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti gbé ọmọ tuntun lọ, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kì í gba ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, tí ìrìnàjò náà bá sì gùn lójú òkun, ọmọ ọdún kan ni wọ́n ń fẹ́. Aláboyún tí oyún rẹ̀ máa wọ ọ̀sẹ̀ 24 kí ọkọ̀ tó padà, wọn kì í gbà á wọlé. Ẹ ṣírò ọ̀sẹ̀ náà títí dé ọjọ́ ìkẹyìn.

Oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ẹ kó ti iye ọjọ́ tí ẹ máa lò, kí ẹ sì fi ti ọjọ́ mélòó kan lé e, nítorí ọkọ̀ lè pẹ́. Inú ìgò tàbí páálí tí orúkọ yín wà lára rẹ̀ ni kí ẹ fi sí. Ẹ má da á pọ̀ sínú ọ̀rá. Àgbo inú ìgò ọtí tí kò ní àkọlé kankan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílé. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún aṣọ́bodè.

Èébì orí omi ń dààmú àwọn kan. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n gba yàrá tó wà láàárín gbùngbùn ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀, torí ibẹ̀ kì í mì bí ti iwájú, ẹ̀yìn tàbí òkè. Tí òòyì bá fẹ́ gbé yín, ẹ jáde síta, kí ẹ tẹjú mọ́ ibi tí òkun àti ojú ọ̀run ti pàdé. Atalẹ̀ ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Oògùn èébì orí omi náà wà, ó sì ń kunni lóorun. Àgbàlagbà tó ní àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, tàbí bàbá tí ìtọ̀ ń dà láàmú, kó bèèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó lò ó.

Ọ̀tá míì tó máa ń jà nínú ọkọ̀ ni kòkòrò norovirus, tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Tó bá mú ẹnìkan nínú èrò ẹgbẹ̀rún mélòó kan tó jọ ń jẹun, tó jọ ń di irin àtẹ̀gùn kan náà mú, á ràn. Omi apakòkòrò tí wọ́n ń fún síni lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ rí i gbé ṣe. Ọṣẹ àti omi ló ń fọ̀ ọ́ dànù. Kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹnu ọmọ, ẹ fọwọ́.

Ẹ ra ìwé adójútòfò. Ilé ìwòsàn inú ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, orí àkántì yín lówó rẹ̀ ń lọ. Tó bá di pé hẹlikópítà ló máa gbé aláìsàn, owó náà lè gba ilé lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ti fẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà, tí ẹ gbọ́kàn lé Medicare, ẹ mọ̀ pé kì í sanwó ìtọ́jú nínú ọkọ̀ tí ọkọ̀ náà bá ti jìn ju ìrìn wákàtí 6 lọ sí èbúté Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ ká wá di ẹrù. Báàgì méjì ló wà: ńlá àti ti ọwọ́. Ẹ ó fa báàgì ńlá lé àwọn aláàárù lọ́wọ́ ní èbúté, wọn á so àmì mọ́ ọn, ó sì lè di alẹ́ kẹ ẹ tó rí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ọ̀sán yẹn bá béèrè gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́: gbogbo ìwé, gbogbo oògùn, owó, gíláàsì ojú, ohun tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù, ìlédìí ọmọ, àti aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti wà nínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án, nígbà tí àwọn tó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí ńlá ṣì ń làágùn nínú aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá.

Aṣọ wá dé, ẹ̀yin ọlọ́ṣọ̀ọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n yàrá inú ọkọ̀ kéré, kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ tún kéré sí i. Ní ìrìnàjò ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń ya alẹ́ kan tàbí méjì sọ́tọ̀ tí gbogbo èèyàn ń múra dáadáa wá jẹun. Ẹ mú agbádá kan, tàbí ìró àti bùbá kan, wá fún alẹ́ yẹn. Ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa bẹ̀ yín kí àwọn ó bá yín ya fọ́tò. Ẹyọ kan ti tó. Aṣọ òkè wúwo, ẹ jẹ́ kó sinmi nílé. Gèlè gogoro dára nínú ilé oúnjẹ. Lórí àjà òkè, atẹ́gùn òkun á bá yín mú un lọ.

Fún ọ̀sán, ẹ kó aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: bùbá àdìrẹ, ṣòkòtò péńpé, aṣọ tí kì í tètè rún. Mo sọ pé tí kì í tètè rún nítorí pé wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé áyọ́ọ̀nù wọnú ọkọ̀. Ẹ ká aṣọ roboto dípò kí ẹ pa á pọ̀, kí ẹ sì fi kọ́ sí ilé ìwẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fi omi gbígbóná wẹ̀. Ooru omi á na díẹ̀ nínú rẹ̀. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ méjì dára, kí ọ̀kan máa gbẹ. Ẹ mú ìborùn tàbí súwẹ́tà, nítorí ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ kò mọ̀ pé ilẹ̀ olóoru lẹ wà. Ẹ mú bàtà tí kì í yọ̀ fún orí àjà, àti sáńdà tó lè wọnú omi. Irin ni ògiri yàrá ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ìkọ́ kéékèèké onímágínẹ́ẹ̀tì á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ó sì rí ibi fi fìlà àti báàgì kọ́.

Aṣọ kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ mú rárá: aṣọ aláràbarà tó jọ ti sójà. Ní Barbados, Jàmáíkà, St. Lucia, Trinidad àti Tobago, òfin ló ka á léèwọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ológun. Kò yọ fìlà sílẹ̀, kò yọ báàgì sílẹ̀, kò yọ ṣòkòtò ọmọdé sílẹ̀.

Ẹ mú ìpara tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé ti òyìnbó nìyẹn. Àwọ̀ dúdú ní ààbò tirẹ̀, àmọ́ ààbò náà níwọ̀n. Oòrùn tó bá ojú omi, tó tún ta padà síni lójú, ń jó àwa náà. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò kí ẹ tó rà á. Láti ọdún 2020, àwọn erékùṣù US Virgin Islands, tí St. Thomas wà lára wọn, ti fòfin de èyí tó ní oxybenzone, octinoxate tàbí octocrylene nínú, nítorí ó ń ba iyùn abẹ́ òkun jẹ́. Èyí tí wọ́n fi zinc oxide ṣe ni kí ẹ wá. Ẹ fi ìpara ẹ̀fọn tì í. Ẹ̀fọn tó ń gbé àrùn dengue kiri níbẹ̀, ọ̀sán ló ń jẹni, kì í dúró dìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Ohun tí ẹ máa fi sílé ńkọ́? Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù oníná, sítóòfù, àbẹ́là, tùràrí. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun, ẹ gbàdúrà láìtan iná. Ẹ̀rù iná ló fà á: tí ilé bá ń jó lórí ilẹ̀, a ó sá síta, tí ọkọ̀ bá ń jó láàárín òkun, òkun ni ìta. Okùn iná olójú púpọ̀ tó ní ohun tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ nínú, wọn ò gbà á, nítorí bí wọ́n ṣe fa iná inú ọkọ̀ yàtọ̀ sí ti ilé, ó sì lè fa iná. Oúnjẹ tí a sè nílé, wọn ò gbà á. Ìrẹsì inú kúlà, ẹja yíyan, ẹ̀fọ́, èbúté ló máa parí sí. Ohun ìpápánu tí ilé iṣẹ́ dì pa pinpin ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Tí ẹnu yín ò bá lè gbé láìsí ata, ẹ mú èyí tí wọ́n dì pa ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má sì kó èso láti inú ọkọ̀ lọ sórí erékùṣù, torí àwọn aṣọ́bodè ń ṣọ́ kòkòrò tó ń ba oko jẹ́, ajá wọn sì ń gbóòórùn.

Owó. Nínú ọkọ̀, ẹ kì í ná owó ìwé. Gbogbo ohun tí ẹ bá mu, tí ẹ bá rà, orí káàdì ló ń lọ. Tó bá jẹ́ káàdì báńkì tó so mọ́ àkántì yín lẹ fi sílẹ̀, ọkọ̀ lè dá díẹ̀ nínú owó inú rẹ̀ dúró lójoojúmọ́ títí wọn á fi ṣírò tán. Owó ọpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ tún wà lọ́tọ̀, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń yọ lójoojúmọ́ lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan, ọmọdé pẹ̀lú. Ní ọ̀pọ̀ wọn, ó ju dọ́là 15 lọ lójúmọ́. Ẹ ṣírò ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún fún ọjọ́ méje, ẹ ó rí i pé kì í ṣe owó kékeré. Ẹ mú dọ́là ẹyọ kọ̀ọ̀kan àti márùn-ún-márùn-ún fún takisí àti ọjà ní erékùṣù. Dọ́là Bahamas kan bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba. Ti Barbados méjì ló jẹ́ ti Amẹ́ríkà kan. Tí ọkọ̀ bá sì ti gbéra, ẹ gbé fóònù sí ipò bàálù, kí owó ìpè orí òkun má baà bá yín délé.

Tí ẹ bá dé erékùṣù, ẹ má dúró sí ìsọ̀ tó wà lẹ́nu èbúté nìkan. Lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, ọkọ̀ ogun wọn ń gba àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì kó lára wọn lọ sí Bahamas àti Trinidad. Àwọn èèyàn wa wà nínú wọn. Àdúgbò Fox Hill ní Nassau ní ibì kan tí wọ́n ń pè ní Nango Town, láti ara àwọn Ànàgó tó tẹ̀dó síbẹ̀. Títí dòní, àwọn ará Bahamas ń dá èésú, asue ni wọ́n ń pè é. Ní Trinidad, wọ́n ṣì ń bọ Ògún àti Ṣàngó. Takisí lè gbé yín dé Fox Hill kó sì gbé yín padà kí ọkọ̀ tó lọ.

Mo ní kó gbé yín padà kí ọkọ̀ tó lọ. Aago ọkọ̀ ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe aago erékùṣù. Ìgbà míì wákàtí kan lè wà láàárín wọn. Ẹ padà ní wákàtí kan ó kéré tán ṣáájú àkókò tí wọ́n dá. Tó bá jẹ́ ìrìn tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣètò lẹ bá lọ, wọn á dúró dè yín. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ dá lọ, ọkọ̀ á lọ, àwọn èrò á sì tò sórí àjà máa wo ẹni tó ń sáré bọ̀. Ìlànà yìí náà lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀: ẹ fi ọjọ́ kan ṣáájú ọkọ̀ dé ìlú tó ti máa gbéra. Bàálù tó pẹ́ kò kan ọ̀gá awakọ̀.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá wọlé, wọ́n á pè yín wá kọ́ bí a ṣe ń sá àsálà. Ẹ lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2012, ọkọ̀ Costa Concordia kọlu àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì, èèyàn 32 sì kú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú èrò rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lọ́jọ́ náà, tí wọn kò tíì kọ́ wọn ní nǹkan kan. Láti ọdún 2015, òfin àgbáyé ti sọ pé kí wọ́n kọ́ yín kí ọkọ̀ tó gbéra, tàbí ní gbàrà tó bá gbéra. Ẹ mọ ibi tí ẹ̀wù àìrì yín wà, kí ẹ sì mọ ọ̀nà ibi ìkórajọ yín.

Ní alẹ́ ìkẹyìn, wọn á ní kí ẹ gbé báàgì ńlá síta yàrá kí ilẹ̀ tó ṣú jù, kí wọ́n lè bá yín kó o sọ̀ kalẹ̀. Kí ẹ tó gbé e síta, ẹ yọ aṣọ àti bàtà ọjọ́ kejì sílẹ̀. Ọdọọdún làwọn kan ń fi aṣọ ìsùn jáde ní èbúté nítorí pé wọ́n di gbogbo rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, tí ìrìnàjò irú èyí bá wà lọ́kàn yín, iṣẹ́ mẹ́ta ni mo fún yín fún ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ ka oṣù tó kù lórí pásípọ́ọ̀tù, kí ẹ sì ka iye ìwọlé tó wà lórí físà. Ẹ wá yẹ́lò káàdì. Ẹ lọ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ oògùn. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti dára, kí àwọn ọmọ sanwó ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ wọn aṣọ lọ́dọ̀ aránṣọ. Ẹ kàn sọ fún un pé ẹyọ kan ṣoṣo ni agbádá.